Èrò Ò Wá sí Eré Alùpùpù, Ni Mo Bá Pa Ẹ̀gbọ́n Kàmórù

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ayé: ọjọ́ tí mo pa ọ̀gá mi lójú ọlọ́pàá, tí ọlọ́pàá náà ṣí fìlà, tó ní kí Ọlọ́run tù mí nínú. Èmi náà ò ṣe méjì, mo ní, "Àmín, ọ̀gá."

Ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kàmórù ló kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù ní Pápá Àjàó. Mi ò ka ìwé jìnnà. Àwọn ni wọ́n gbà mí, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ṣe ìdíje eré alùpùpù ní pápá iyẹ̀pẹ̀ kan ní Ìpọ̀nrí. Nígbà tí mo ṣì kéré, orí igi la máa ń gùn ká tó lè rí ìran wò. Ṣùgbọ́n èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní títì, àwọn tó ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn ọ̀dọ́ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ, àwọn tó sáré pọ̀ ju àwọn tó wò wọ́n lọ. Ewúrẹ́ kan wà tó dúró ti eré náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín ife ẹ̀yẹ, òun ni ǹ bá fún.

Ni Alhájì tó ni pápá náà bá pe Ẹ̀gbọ́n.

"Kàmórù, mo fẹ́ràn ẹ. Ṣùgbọ́n tí pápá yìí ò bá kún lọ́dún yìí, ṣọ́ọ̀bù ni mò ń kọ́ síbẹ̀. Mi ò lè máa tọ́jú ilẹ̀ de ewúrẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ò jẹun lọ́jọ́ náà. Eré yẹn ni ayé wọn. Èmi ọlọ́gbọ́njù bá dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìpolówó sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n wò mí títí. "Ṣé o ò ní dójú tì mí?"

"Ẹ̀gbọ́n! Èmi kẹ̀?"

Ìwé ìpolówó ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Mo kó o lọ sí Yábàá, níbi táwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà kọ́rùn pọ̀ sí. Ọ̀dọ́bìnrin kan gba ọ̀kan, ó ní, "Brother, ṣé ẹ wà lórí Instagram?" Mo ní rárá o, Ìpọ̀nrí la wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà fún mi. Àwọn tó kù, mo há wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ra bọ̀ọ̀lì ní Mushin, ìwé wa ni wọ́n fi wé e fún mi. Epo ti jẹ ọjọ́ tá a fẹ́ ṣeré.

Mo tún yá gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn èkúté. Ó ti gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀, kò sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á. Bí mo bá ní, "Ẹ wá wo àwọn akọni lórí alùpùpù!", ẹ̀rọ náà á gbà á lẹ́nu mi: "Á kú! Ìta ló máa kú sí! Kò ní rùn!" Ìyá àgbàlagbà kan yọjú lójú fèrèsé. "Ọmọ mi, alùpùpù yín yẹn, ṣé ó ń pa aáyán náà?"

Ó yẹ kí n ti jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀ yẹn. Mi ò jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, mo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi ọlọ́kadà jọ pé ká tò tẹ̀lé ara wa, ká fun fèrè yí Mushin ká. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wà ní títì, tọ́wọ́ wọn bá ba ọ̀kadà, ó ti di tìjọba nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi Sùlè ló mú ọgbọ́n wá: "Ká so ewé mọ́ ọn. Ta ló máa dá ẹni tó so ewé dúró?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọlọ́kadà kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á so ewé mọ́ ọ̀kadà, wọ́n á tan iná, wọ́n á máa fun fèrè, wọ́n á gbé fọ́tò olóògbé síwájú. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ewé lásán ni, á tiẹ̀ jẹ́ kó rí bí ọdún. Mo sì ti gbé fọ́tò Ẹ̀gbọ́n kan jókòó sẹ́yìn Sùlè, ńlá, èyí tí wọ́n yà nígbà ọ̀dọ́, dúdú àti funfun, pẹ̀lú férémù aláwọ̀ wúrà. Mo rò pé ó máa fa èrò.

A dé ìkòríta, ọlọ́pàá kan na ìbọn sí wa. "Ẹ dúró ńbẹ̀! Kí lẹ ń wá ní títì?" Bó ṣe rí ewé, ó gbé ìbọn wálẹ̀. Bó ṣe rí fọ́tò, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Háà. Ta ló lọ?"

Òótọ́ wà lẹ́nu mi o. Ṣùgbọ́n mo wo ọ̀kadà gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n wa ni, ọ̀gá." Mo tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí kò sí omi ńbẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti ṣí fìlà. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ "Yéè!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àǹtí Bọ́lá ni, obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lójúkojú ṣọ́ọ̀bù wa. "Kàmórù! Kàmórù tá a jọ kíra láàárọ̀ yìí!" Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀, àmọ́ Sùlè ti fún ọ̀kadà níná. "Jẹ́ ká kọjá níwájú ọlọ́pàá yìí ná," ó ní. "A ó ṣàlàyé tó bá yá."

Àlàyé ò ní alùpùpù. Ẹkún ní. Àwọn tó gbọ́ ìròyìn ikú náà pe fóònù Ẹ̀gbọ́n, kò lọ, nítorí bátìrì rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i?"

A bá Ẹ̀gbọ́n ní Ìpọ̀nrí, wọ́n ń fi ẹfun lílọ̀ sàmì sí ojú ọ̀nà eré. Afẹ́fẹ́ ti da ẹfun bò wọ́n, wọ́n funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn òǹwòran ni oní-gúgúrú kan, àti ewúrẹ́ wa. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ojú Ẹ̀gbọ́n ti ń pọ́n, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. Mo gbé e mì.

Àfi bí èrò ṣe yọ, wọ́n tọ ipa ọ̀kadà wa wá. Wọ́n kún ojú ọ̀nà bámúbámú.

"Ọlọ́run ò!" Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ mi. "O ṣe é! Àbúrò, o ṣe é!"

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń ké. Alhájì ló ṣáájú, wọ́n káwọ́ lérí. "Kàmórù, ọmọ dáadáa! Pápá yìí ti di tìẹ! Mi ò ní kọ́ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́!"

Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ ẹkún. Èrò ni wọ́n rí. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sáré lọ pàdé wọn, funfun báláú.

Ẹ wo eré! Kò séyìí tó sáré bẹ́ẹ̀ rí ní pápá yẹn, títí kan alùpùpù o. Alhájì fi bàtà kan sílẹ̀. Àǹtí Bọ́lá fo gọ́tà. Oní-gúgúrú tí kò mọ nǹkan kan náà sá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sá: ìyá Ẹ̀gbọ́n. Láti Ìlúpéjú ni wọ́n ti wá, gèlè ti tú, ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ìkejì ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n rìn lọ bá ọmọ wọn, wọ́n fi ìka nu ẹfun lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi rí awọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní o kú?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ewé ṣì wà lára ọ̀kadà. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹfun.

Èrò padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bínú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní òkú. Ẹ̀gbọ́n kojú wọn. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá sin mí. Ta ló wá wo eré mi léṣìí nínú yín?" Ọkùnrin kan ní ọwọ́ òun ló máa ń dí. Ọwọ́ kì í dí fún òkú.

Alhájì ń wá bàtà wọn kiri. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ìgbà tí mo rò pé ó kú ni o."

"Alhájì," ìyá Ẹ̀gbọ́n ní láti ilẹ̀, "ṣé kí ó tún padà lọ kú ni?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Alhájì. "Ó dáa, ẹ sáré lónìí. Ẹ tún sáré lámọ̀ọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wò ó ná."

Èrò ní Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn gbọ́dọ̀ gun alùpùpù, kó lè dá àwọn lójú pé òkú kọ́. Wọ́n gùn ún. Igi kún fún ọmọdé lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ò lé mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ohun tí mo kọ́ ni pé irọ́ tó bá la ọ̀nà fún ọ ní ìkòríta, ilé ìyá onínǹkan ló máa gbà lọ. Mo ra bàtà tuntun lọ fún ìyá Ẹ̀gbọ́n ní Ìlúpéjú, mo kúnlẹ̀ fi wọ̀ wọ́n ní ẹsẹ̀ tí ojú ọgbẹ́ ṣì wà.

"O ṣeun," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá kú lóòótọ́, jọ̀ọ́, jẹ́ kí ẹlòmíì gbé fọ́tò mi. Tó bá jẹ́ ìwọ, kò sẹ́ni tó máa gbà gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Tèmi ló kọ́kọ́ dákẹ́.