Ọjọ́ Tí Mo Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Ní Èébú

Ọjọ́ kan wà tí mo ti lé kúrò lọ́kàn mi títí, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí láfún tí a sá sóòrùn, tí kò lọ. Bí mo bá ń jẹun, á yọjú. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àlùfáà ń gbàdúrà, á tún yọjú, ẹ̀rín á sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, bóyá á fi mí sílẹ̀.

Ìyàwó mi, Dọ̀káàsì, ló kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn ọmọ ti padà sí Èkó, ilé wa ní Ayétòrò dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ ìrìn aláǹgbá lórí páànù. Àwọn ará ìjọ wá ń wò mí bí ẹni tí yóò tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ láìpẹ́. Wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe. Nǹkan tí wọ́n sì rí fún mi ni ti àwọn ọmọdé.

Ètò kan ni wọ́n dá sílẹ̀ ládùúgbò wa. Misis Ògúnjìmí ló ń darí rẹ̀, obìnrin tó kàwé tí ìwé sì hàn lára rẹ̀ bí àtíkè. Wọn á pín ọmọdé mẹ́fà fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, kó máa tọ́ wọn sọ́nà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mẹ́ńtọ̀ ni wọ́n ń pè wá. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, gbogbo àdúgbò ni mẹ́ńtọ̀. Bí o bá wu ìwàkíwà níwájú ilé Bàbá Sámúẹ́lì alágbẹ̀dẹ, á ti mẹ́ńtọ̀ rẹ ní ìpàkọ́ kí o tó délé, kò sì sẹ́ni tó rán ẹ̀wù fún un. Àwa, wọ́n fún wa ní ẹ̀wù: tíṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà. Tèmi fún mọ́ mi lára. Ẹni tó fojú wọ̀n mí ti rò pé ọ̀fọ̀ ti jẹ ikùn mi tán.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Misis Ògúnjìmí fún mi ní bébà kan, ó ní ohun tí n óò bá àwọn ọmọ sọ nìyẹn: bí èèyàn ṣe ń lépa àlá rẹ̀. Mo wo bébà náà. Àlá tí èmi ń lá nígbà náà, ẹni tó bá lépa rẹ̀, itẹ́ òkú ni yóò bá ara rẹ̀. Mo bá fi bébà sápò, mo ń sọ fún wọn bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jósáyà. N kò tíì dé ibi tí wọ́n ti fún mi ní òòlù tí Gbénró, ọ̀kan nínú wọn, fi ń han-un. Táyé àti Kẹ́hìndé ń jà sí eèpo máńgòrò. Ìyanu, ọmọ Múfú ọlọ́kadà, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ló fọ̀wọ̀ bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó ti fẹ́ parí?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì wọn ni kò wá. Misis Ògúnjìmí bá wá kí mi. Ó ní Ẹnjiníà, ọmọ ìlú wa tó ń náwó sí ètò náà, ń bọ̀ wá wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kọ́. Mẹ́ńtọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá rí nǹkan ṣe, wọn á kó wọn fún ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n máa kó wọn lọ, kò kàn mí. Irọ́ ni mo ń pa. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ ní Sátidé yẹn, eèpo máńgòrò tí wọ́n dà sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbá a, kó má baà tètè tán.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gun àjà lọ gbé ọpọ́n ayò Dọ̀káàsì sọ̀kalẹ̀. Ìlárá, ìlú wọn, ló ti gbé e wá sílé ọkọ, òun tí bàbá rẹ̀ fi ayò wò dàgbà. Ọ̀ta ayò ni. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa kì í jẹ́ kó bá wọn ta, wọn á ní oko ń dúró dè wọ́n. Èmi tí n kò ríbi sá sí, èmi ló ń jẹ. Nílé, 'ẹ' ló ń pè mí. Nídìí ọpọ́n, 'ìwọ' ni.

Ojú àwọn ọmọ là. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń ta, bí a ṣe ń fojú ka ọmọ ayò, bí a ṣe ń kó odù, ọ̀pọ̀ ọmọ ayò, jọ sílé kan tí ẹnìkejì kò ní fura. Mo sì kọ́ wọn ní èébú, nítorí ayò tí kò sí èébú nínú rẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò sí bàbá, kò sí ọba nídìí ọpọ́n. Ohun tó bá wu ọ̀ta ló lè sọ sí òpè, bí wọ́n bá ti dìde, ó parí. Èébú tèmi kò tó nǹkan, ti Dọ̀káàsì ni mo kọ́ wọn. Èmi náà ló ti ń fi wọ́n bú, mo mọ̀ wọ́n bí orin ìsìn.

Ọjọ́ àfihàn pé. Àwọn ọmọ Tíṣà Adéoyè, mẹ́ńtọ̀ bíi tèmi, ka ewì òyìnbó, àwọn tó ń kà á kò mọ ohun tí wọ́n ń kà, àwa tó ń pàtẹ́wọ́ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ Màmá Rúùtù, mẹ́ńtọ̀ mìíràn, po ọṣẹ olómi tó kọ̀ tí kò hó. Mo yínmú. Mo rọra sọ fún àwọn tèmi pé, "Ẹ ṣe é gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ́ yín." Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so okùn mọ́ra lọ́rùn.

Ẹnjiníà fẹ́ fi hàn pé ọmọ onílẹ̀ lòun. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó ní òun fúnra òun ni kí Gbénró bá ta. Ó ń ju ọmọ ayò káàkiri bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. Gbénró jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì bojú wò mí. Mo rò pé ó ń bèèrè bóyá kó dìde ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbénró dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ọmọ tí a kọ́, ó ní, "Ẹnjiníà, òpè ni yín, sà. Agbádá yín gbọ́n jù yín lọ." Àwọn ìbejì gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní kí a bi Ẹnjiníà bóyá ó mọ iye ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Gbénró ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Misis Ògúnjìmí tó ń fi fóònù ya fídíò gbàgbé láti pa á. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Mo dìde láti ṣàlàyé, tíṣẹ́ẹ̀tì ya lábẹ́ abíyá títí dé ìbàdí. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni pé òpè ni wọ́n, àmọ́ eré ni." Àlàyé mi tún wá burú ju èébú lọ. Mo bá rò ó pé kí n fi hàn wọ́n. Mo pe Ìyanu síwájú ọpọ́n. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ kíákíá, kí n bú u, kó rẹ́rìn-ín, kí ayé rí i pé kò sí ìjà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀ fún mi.

Ojú Ẹnjiníà ni mo ń wò, n kò wo ilé tó wà lọ́wọ́ òsì ọmọ náà, ibi tó ti ń kó odù jọ. Nígbà tó gbé e, ó fi yí ọpọ́n po, ilé mi di ahoro. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní:

"Káfíńtà, gbé ọwọ́ kúrò. Adìẹ tó sọnù mọ ilé jù ẹ́ lọ."

Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Káfíńtà mọ́. Dọ̀káàsì nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, nídìí ọpọ́n yẹn sì ni. Odindi ni mo kọ́ wọn ní èébú náà, tòun torúkọ mi nínú rẹ̀, n kò sì mọ̀.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Kí n tó mọ̀, omi ti ń dà lójú mi, n kò mọ èyí tí mo ń ṣe mọ́, pẹ̀lú ẹ̀wù yíya. Ẹnìkan ní ọ̀fọ̀ ló ti wọ̀ mí lórí. Wọ́n fún mi ní píọ̀ wọ́tà, wọ́n mú mi jókòó bí ọmọ tó ṣubú. Ẹnjiníà kò dúró jẹ ìrẹsì.

Misis Ògúnjìmí wá sílé mi lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní wọ́n ti pinnu pé kí n lọ sinmi, Tíṣà Adéoyè ni yóò gba àwọn ọmọ. Ó tún ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, tíṣẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́. Mo kó o fún un, ọ̀tọ̀ ni apá, ọ̀tọ̀ ni ara.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tilẹ̀kùn, mo jókòó sínú ilé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ni, Ìyanu ló ṣáájú. Ó ní Tíṣà ní kí àwọn máa lépa àlá, àwọn sì ti lé e títí, ó ti rẹ àwọn. "Bàbá, ẹ gbé ọpọ́n jáde."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnu ẹni tó ti lọ kọ́ ọmọdé, kó jókòó dáadáa, nítorí lọ́jọ́ kan, ẹnu náà ni wọn yóò fi pè é. Títí di òní, a kò wọ ẹ̀wù kankan, a kò lépa nǹkan kan. Ní Sátidé tó kọjá, Ìyanu tún jẹ mí, ó tún gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Mo ní kó tún un sọ.