Ọjọ́ Tí Mo Fagi Lé Ìṣákọ́lẹ̀

Ọjọ́ tí mo sọ fún Bàbá Onílẹ̀ lójú kojú pé ilẹ̀ wọn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ náà ò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Télọ̀ ni mí nígbà náà ní Ìpele lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ Àkókó tó wá jẹun. Ilẹ̀ Bàbá ni mo ń gbin iṣu sí. Ìṣákọ́lẹ̀ mi, ohun tí àlejò ń san fún onílẹ̀, ò ju iṣu díẹ̀ àti obì lọ́dọọdún, kí n tó wa ìyókù.

Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà gbé òfin ilẹ̀ jáde, rédíò ní ìjọba ló nilẹ̀. Orí mi wú. Mo ru iṣu dé iwájú Bàbá àti àwọn àgbà, mo ní, "Ẹ̀bùn lèyí o, Bàbá. Ìṣákọ́lẹ̀ ti kú." Bàbá ò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n rọra ti iṣu náà padà.

"Gbé ẹ̀bùn rẹ lọ, ọma mi," ni wọ́n fi ohùn ìlú wọn wí.

Kò pẹ́, mo bá màrìwò, àmì pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, lẹ́nu oko mi. Ọkùnrin tí oko wa jọ pààlà ló so ó, ó sì ti ń wa iṣu mi. "Ṣebí ìwọ lo ní ìjọba ló nilẹ̀?" ló wí. "Ọmọ ìjọba lèmi náà." Ìyàwó mi wà nínú oyún, iṣu yẹn sì ni oúnjẹ wa. Ọkùnrin náà yọ àdá. Èmi, abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yọ. Mo sáré lọ bá ìjọba ní Ọ̀wọ̀. Akọ̀wé gbọ́ tẹnu mi tán, ó ní, "Ta ló fún ẹ nílẹ̀? Lọ mú un wá kó wá jẹ́rìí."

Ẹ wò mí bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá, iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ebi kọ́ ló ń pa àwọn bàbá wa tí wọ́n fi dá ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Àjèjì tó bá sá ogun wá, wọ́n á fún un nílẹ̀. Iṣu tó ń gbé wá ni ìlú fi ń mọ ibi tó ń dá oko. Ẹnu tó jẹ iṣu náà ni yóò gba àjèjì náà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjà. Ìwọ wá dí wa lẹ́nu."

Síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé mi. Èrò ti pé sóko, ọ̀pọ̀ wọn wọ aṣọ tí mo rán. Bàbá ò wo ọkùnrin náà. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "Télọ̀, ilẹ̀ ta lò ń dá?"

Mo rọra dáhùn, "Tiyín ni, sà."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mo pariwo ẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Bàbá já màrìwò sọ nù, ọkùnrin náà sì ki àdá bọ àkọ̀.

Mo kọ́gbọ́n: kí àjèjì tó fagi lé àṣà, kó kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí àṣà náà ń gbà sílẹ̀. Látìgbà náà, ìṣákọ́lẹ̀ tèmi ló ń kọ́kọ́ dé ilé Bàbá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ṣì máa ń tì mí díẹ̀.