Ọ̀gágun Theophilus Kó Ẹbí Rẹ̀ Wọ Ọkọ̀ Ojú Sánmà

Ohun tó ń ṣe Theophilus kò ju ẹyọ kan lọ: kò lè borí kó dákẹ́, kò sì lè pàdánù kó má pè é ní ìṣẹ́gun. Kì í ṣe pé ó jogún rẹ̀ o. Bàbá rẹ̀, Fálolú ará Ayépé, jẹ́ ẹni tó máa ń kọ́lé parí kí aládùúgbò tó mọ̀ pé ó ra ilẹ̀. Ìyá Fálolú náà, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹbí máa ń gbọ́ pé ó lóyún. Ṣùgbọ́n bí Theophilus bá wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá láti Ayépé dé Ìjẹ̀bú-Òde lásán, yóò ròyìn ìrìn-àjò náà débi pé ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò sáré lọ bu omi tútù fún un.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni géèmù wá bá nílé!

Géèmù inú kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n á fún ọ ní ọkọ̀ kan tó ń fò láàárín àwọn ìràwọ̀, òṣìṣẹ́ díẹ̀ á wà nínú rẹ̀, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ọ̀tá á sì máa lé ọ bọ̀ lẹ́yìn. Ìwọ ni wàá sọ ẹni tí yóò yin ìbọn, ẹni tí yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe àti ẹni tí yóò pa iná. Iná sì ń sọ nínú ọkọ̀ náà ju ìdí ààrò alákàrà lọ. Bí ọkọ̀ bá fọ́, ó tán nìyẹn. Kò sí pé a ó padà sí ibi tí a bá a dé lánàá. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, àwọn ìràwọ̀ á sì ti yípò padà, ọ̀nà tí o ti mọ̀ kò wúlò mọ́.

Ìyẹn gan-an ló mú un lọ́kàn. Ọkọ̀ á fọ́, á lu itan rẹ̀, á ní, "Mo ti rí àṣìṣe mi!" Á tún bẹ̀rẹ̀. Á tún fọ́. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ gbé kalẹ̀ á dì bíi búlọ́ọ̀kù.

"Ọ̀gágun, ṣé ẹ ti débẹ̀?" ni Ìtùnú ìyàwó rẹ̀ máa ń bi í.

"Ó kù díẹ̀!"

"Bó ṣe kù díẹ̀ lóṣù tó kọjá náà nìyẹn."

Kò borí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kò borí rí! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kí i níta pé báwo ni nǹkan, ohun tó máa ń sọ ni pé, "À ń darí ọkọ̀ ogun."

Ọ̀rọ̀ wá di ńlá nígbà tí Bàbá Micah, àgbà ìdílé, ní òun ò ṣe alága ìpàdé ẹbí mọ́ nítorí orúnkún tó ń dùn òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ipò yẹn lọ Fálolú tó sì kọ̀ ọ́ ni Theophilus ti ń dá itọ́ mì lórí rẹ̀. Ẹlòmíì tí wọ́n dárúkọ ni Mọ́ṣádé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìjagun. Mọ́ṣádé kò sọ nǹkan kan. Theophilus sọ tirẹ̀, ó sì bá Mọ́ṣádé sọ tiẹ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé Mọ́ṣádé ti darí ọkọ̀ rí? Ẹni tó ń kó èèyàn la àárín ìràwọ̀ kọjá, ṣé ẹbí lásán ló máa ṣòro fún un? Ẹ gbé ìpàdé wá sílé mi lọ́jọ́ Sunday, ẹ wá fojú ara yín rí i!"

Kí inú ẹbí lè dùn, ó fi orúkọ wọn sọ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Ìtùnú kìlọ̀ fún un.

"Ẹ má fi orúkọ alààyè sínú nǹkan yìí."

"Ọlá ni mo fi ń dá wọn!"

"Ọlá tó ń jóná?"

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pálọ̀ kún. Theophilus so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá, àwọn èèyàn kéékèèké sì yọ lójú rẹ̀, orúkọ wà lórí oníkálukú.

"Orúkọ mi nìyẹn!" ni Àǹtí Kúbúrátù, àbúrò Fálolú, fi igbe ta.

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ìbọn."

"Èmi Àlájà!" Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Bàbá Micah wà nídìí ẹ́ńjìnnì, Mọ́ṣádé ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Máyọ̀wá tó kéré jù nínú wọn wà ní yàrá ìtọ́jú nítorí pé ó ti farapa nínú ìjà àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ọkọ̀ àjèjì kan yọ, ó ní ebi ń pa àwọn, ẹ gbà wá. Bọ́tìnnì méjì ló wà: ràn wọ́n lọ́wọ́, tàbí máa lọ. Theophilus mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Irú wọn ti pa á bí ẹni pa eṣinṣin.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ló wí.

"Ká lọ kẹ̀?" ni Bàbá Micah wí. "Ọmọ ta ni wọ́n?"

"Bàbá, géèmù ò sọ ìyẹn."

"Bi wọ́n! Ilé wo ni wọ́n ti jáde?"

"Ó lè jẹ́ àna wa o," ni Àǹtí Kúbúrátù wí. "Wọ́n á ní a rí wọn lọ́nà, a ò kí wọn."

Ẹni tó ń wá ìbò, ṣé yóò bá àgbà jiyàn ni? Ó tẹ bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́. Olè ni wọ́n! Wọ́n yìnbọn lu ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́, iná sì sọ. Bàbá Micah ló sún mọ́ ẹ̀rọ náà jù. Theophilus tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ tún un ṣe.

"Háà! O ń rán Bàbá níṣẹ́?" ni àwọn ẹbí pariwo.

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn!"

"Máyọ̀wá ńkọ́? Ṣé ọmọdé ti tán nínú ọkọ̀ ni?"

"Máyọ̀wá farapa," ni Theophilus wí, òógùn ti bò ó.

"Bí iṣẹ́ bá ti dé, ara Máyọ̀wá kì í yá," ni Àǹtí Kúbúrátù wí.

Máyọ̀wá gan-an, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fìbínú dìde. "Àǹtí, ṣé ẹ ò rí i pé mi ò ní ẹ̀jẹ̀ lára mọ́ ni?"

Theophilus dá Bàbá padà sáyè rẹ̀, ó rán Máyọ̀wá. Máyọ̀wá ń wọ́ bọ̀ láti ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kò dé ìdajì ọ̀nà tó fi kú. Iná wọ yàrá ìbọn. Ohun kan ló lè pa á: kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìta kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Theophilus ṣí i. Iná kú lóòótọ́. Ó ti gbàgbé ẹni tó wà níbẹ̀.

"Mi ò rí ara mi mọ́," ni Àǹtí Kúbúrátù wí.

"Àǹtí, ẹ... ẹ ti sinmi."

"Mo ti kú?"

"Nínú géèmù ni, Àǹtí."

"O ṣílẹ̀kùn, o dà mí sójú sánmà! Kò sẹ́ni tó wẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó kírun sí mi lára!"

Ìgbà yẹn ni Mọ́ṣádé tó la ẹnu. "Bọ̀dá Theo, ta ló wà ní yàrá iwájú yẹn, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ láti àárọ̀?"

Gbogbo wọn na ọrùn. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Ọ̀gágun Theo. Ara rẹ̀ dá ṣáká.

"Olórí ọkọ̀ kì í dìde," ni Theophilus wí.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni àwọn olè tún yìnbọn, ọkọ̀ sì fọ́ yángá.

"Ẹ fọkàn balẹ̀!" ló pariwo. "Mo ti rí àṣìṣe mi!"

"Kí ni?" ni Bàbá Micah bi í.

"Ẹ̀yin tí mo gbọ́ràn sí lẹ́nu ni!"

Bàbá Micah ní ó tó, kí wọ́n dìbò. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ Mọ́ṣádé nawọ́ sókè, gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Wọ́n ní ti Theophilus. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ìtùnú ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́.

"Kó má baà pòfo," ni Àǹtí Kúbúrátù wí, "nígbà tó jẹ́ pé òun ló pa gbogbo wa, ẹ fi í ṣe alága ètò ìsìnkú."

Wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Theophilus dìde, ó fa agbádá sókè léjìká, ó ní òun dúpẹ́ pé wọ́n yan òun láìní alátakò.

Ó rò pé wọn ó máa lọ sílé. Bàbá Micah kò kúrò lórí àga. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Theo. Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ padà."

"Bàbá?"

"Gbé nǹkan yẹn fún mi, kó o sì fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn mí. Èmi ni mo máa jókòó níwájú. Ìwọ lo máa lọ tún afẹ́fẹ́ ṣe."

Ta ló tó kọ̀? Ọkọ̀ gbéra. Wọn ò tíì dé ìràwọ̀ kejì tí iná fi sọ. Bàbá tẹ Theophilus lọ sínú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń wò ó títí orúkọ náà fi pòórá.

"Ó ti kú," ni Bàbá wí, ó sì ń darí ọkọ̀ lọ.

"Ẹ pe alága ètò ìsìnkú wá," ni Àǹtí Kúbúrátù wí.

"Òun náà ló kú, mà," ni Ìtùnú dáhùn.