Ọgbà Télọ̀ Akínladé ní Tayi

Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba ní ẹni tí kò bá ṣe ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká ní àdúgbò Tayi di òní, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún. Télọ̀ Akínladé di ìdí wáyà ẹlẹ́gùn-ún mú, ó ń wo àlàfo gbàgà tó ṣẹ́ kù níwájú. Oyèbọ́lá, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, mú ìwé ilẹ̀ dé.

"Bàbá Tóyìn, iwájú ńkọ́?"

"Wáyà kò tó. Wọ́n rẹ́ mi jẹ."

"Ẹsẹ̀ bàtà mélòó lẹ rà?"

"Ọgọ́sàn-án. Iwájú jẹ́ ogójì, ọ̀tún jẹ́ àádọ́ta. Mo wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì."

"Ìlọ́po méjì kẹ̀?"

"Bí mo ṣe ń wọn ènìyàn nìyẹn. Ta ló ń wọn apá méjèèjì?"

"Haba! Èjìká ilẹ̀ yìí kan ga ju èkejì lọ."

Oyèbọ́lá tẹ́ ìwé náà sílẹ̀.

"Òpó igun ilẹ̀ mẹ́rin nìyí. Nọ́ńbà méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìrìn sí ìlà-oòrùn, ìrìn sí àríwá. Òpó kìn-ín-ní, òdo àti òdo."

"Òdo àti òdo? Ilẹ̀ tí mo fi owó mi rà!"

"Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Èkejì, ogójì àti òdo: iwájú, ogójì. Ẹ̀kẹta, ogójì àti àádọ́ta: ọ̀tún, àádọ́ta. Ẹ̀kẹrin, òdo àti ọgọ́rin: òsì, ọgọ́rin."

"Ọgọ́rin! Ìgbà wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Látọjọ́ tí ẹ kò ti wọ̀n ọ́n. Ó ku ẹ̀yìn tó dagun. Ogójì sí ẹ̀gbẹ́, ọgbọ̀n sókè, láti àádọ́ta dé ọgọ́rin. Ogójì lọ́nà ogójì, ọgbọ̀n lọ́nà ọgbọ̀n, ẹ pa wọ́n pọ̀. Nọ́ńbà wo, lọ́nà ara rẹ̀, ló máa jẹ́ iye yẹn?"

Akínladé ń ka ìka. Ìka tán, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àádọ́ta ni," ni Oyèbọ́lá wí. "Gbogbo rẹ̀ yíká, igba ó lé ogún. Ó ku ogójì."

"Iwájú látòkè délẹ̀ nìyẹn!"

"Ẹ rán ẹ̀wù tí kò níwájú."

"Jẹ́ kí n sáré lọ sọ́jà."

"Wáyà ti tán lọ́jà. Gbogbo Minna ló ń ṣe ọgbà."

Alùpùpù kan dún lọ́nà. Akínladé yọjú wò ó, ló bá lúgọ sẹ́yìn òpó tí kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá tó ń yẹ ilẹ̀ wò ló ń bọ̀ yẹn. Kí lẹ ń sá fún?"

"Oníbàárà mi ni. Bàbánrígà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi."

"Ọpẹ́ o! Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún wa di Sátidé."

"Ìyá Tóyìn, ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́? Èmi gan-an ti fún un ní Sátidé mẹ́fà."