Bọ́ọ̀lù Tí Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Kọ́kọ́ Gbá

Lánàá, ẹjọ́ kan wọ ilé Ṣeeki Turadi, irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń dájọ́ lórí òkè wa ní Jọ́dánì níbí. Ọ̀gá Nawafu, olùkọ́ bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ girama, ló pe ẹjọ́. Wọ́n bu kọfí fún un, ó gbé ife sílẹ̀ lórí ẹní, kò fẹnu kàn án. Ẹni tó bá gbé kọfí Ṣeeki sílẹ̀ báyẹn, ẹ̀bẹ̀ ńlá ló gbé wá, kò sì ní mu ún títí wọn yóò fi dá a lóhùn.

"Nawafu, mu kọfí ẹ," ni Ṣeeki wí.

"N ò ní mu ún, Bàbá, àfi tẹ́ ẹ bá bá mi dájọ́ àwọn ọmọ méjì yìí. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀wọ̀ pa mí."

Hazaa àti Mutibu ni àwọn ọmọ náà. Hazaa wá láti ilé ẹ̀kọ́ Òkè, Mutibu wá láti ilé ẹ̀kọ́ Ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí ìjọba ti da ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan.

"Ọ̀wọ̀ kẹ̀?" ni Bàbá Wasfi bi í, àgbà ìgbìmọ̀ tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Ṣeeki. "Ṣé kì í ṣe àwọn tó ń ta ara wọn nípàá lóṣù tó kọjá nìyí?"

"Àwọn náà ni, Bàbá. Nígbà yẹn, ọmọ Òkè kì í gbá bọ́ọ̀lù sí ọmọ Ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà bá pa àgùntàn, ẹ ní kí wọ́n búra pé kálukú á máa ṣe ẹnì kejì bí àlejò. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyà mi bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Rujumu wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù dé ẹnu góòlù wọn. Asọ́lé wọn ti ṣubú, ó ń wá bàtà ẹ̀ kiri. Góòlù ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń hanrun. Hazaa wà lápá ibí, Mutibu wà lápá ọ̀hún. Hazaa ní, 'Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gbá a.' Mutibu ní, 'Ó tì o, ìwọ ni.' Hazaa ní, 'Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.' Mutibu ní, 'Mo fi irùngbọ̀n bàbá ẹ bẹ̀ ọ́.' Ẹnu ẹ̀ ni wọ́n wà tí ọmọ Rujumu kan fi wá kó bọ́ọ̀lù lọ, ó sì lọ gbá a wọ ilé wa. Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n máa nà wá nìyẹn. Tí wọ́n bá tún nà wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ ti tú ká nìyẹn, ìjọba á sì kọ́ ọ́fíìsì sórí pápá!"

Ṣeeki yíjú sí Hazaa. "Kí lo rí sọ?"

"Bàbá, pápá ilé ẹ̀kọ́ wa la ti gbá a. Èmi ni onílé. Onílé wo ló ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ oúnjẹ lójú àlejò? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ̀ láti fọmọ fún mi lọ́jọ́ iwájú ni?"

"Onílé wo?" ni Mutibu fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. "Ta ló ni òpó góòlù? Ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n ti hú u wá! Ẹni tó bá ti dé ẹnu góòlù ti dé ilé mi. Ṣé kí n wá ti àlejò dànù nínú ilé ara mi?"

Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní ilẹ̀ ló ń jẹ́ ilé, àwọn kan ní òpó ni. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi àwọ̀n parí ẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé àwọ̀n ti já láti ọdún mẹ́ta.

Wọ́n pe Sakiri, asọ́lé wa.

"Ìwọ, níbo lo wà nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé?"

"Ẹnu góòlù ni mo wà, Bàbá."

"Góòlù ta ni?"

"Ti àwọn Rujumu."

"Kí lo lọ wá níbẹ̀?"

"Mo lọ là wọ́n ni. Ìdílé onílàjà la ti bí mi. Mi ò sì pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ báyìí ni."

"Irọ́ ńlá!" Ìyá Rakan ni, òrùlé rẹ̀ kọjú sí pápá. "Mò ń mọ wàrà ní ìṣù láti sá a gbẹ lórí òrùlé mi. Mo mọ odidi ìṣù mẹ́rìndínlógún, wọn ò tíì bẹ ara wọn tán. Asọ́lé yìí tiẹ̀ jókòó, ó ní kí n gbé tíì wá."

"Ìyá Rakan! Èmi ò béèrè tíì o!"

"O béèrè! O tún ní kí n rọ́ ṣúgà sí i!"

"Ṣé ẹ wá gbé e fún un?" ni Ṣeeki bi í.

"Ṣé kí n fi tíì du ọmọ ọlọ́mọ ni? Gbogbo wọn ni mo bu fún. Ọmọ Rujumu yẹn ló mu tiẹ̀ tán, ó kí mi dáadáa, kó tó gbé bọ́ọ̀lù lọ. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Ṣeeki fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ sọ pé 'ìwọ ni kó o kọ́kọ́'?"

"Èmi ni!"

"Ó ń parọ́, èmi ni!"

"Ìwọ tó o fẹ́ gba iyì mi! Èmi ni mo kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún ẹ!"

"Bọ̀wọ̀ fún ta ni? Ọmọ Ìsàlẹ̀ lásán-làsàn!" ni Hazaa fi dá a lóhùn.

Wọ́n ti di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú.

"Àṣé ìjà oṣù tó kọjá ò tíì tán," ni Ṣeeki wí. "Ẹ kàn wọ ẹ̀wù ọ̀wọ̀ fún un ni. Ọjọ́ mélòó ni àlejò fi ń jẹ́ àlejò?"

"Ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀," ni ìgbìmọ̀ dáhùn.

"Àwọn wọ̀nyí ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pa pọ̀. Àlejò tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ Rujumu ni. Ẹ sì ṣe wọ́n lálejò dáadáa: ẹ fún wọn ní tíì, ẹ fún wọn ní góòlù. Ìdájọ́ mi rèé. Ọpọ́n ìrẹsì kan wà ní yàrá kejì, ẹran kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀. Kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá, títí kan àwọn tó ń dúró níta, wọlé lọ bá a. Ọmọ ìyá kan náà kì í bẹ ara wọn nídìí ọpọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ fún ẹnì kejì nínú ilé mi lónìí pé 'ìwọ ni kó o kọ́kọ́', ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe àgbà, òun ni yóò máa fọ ìbọ̀sẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ títí di oṣù Ààwẹ̀."

Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n yí ọpọ́n ká. Hazaa wo Mutibu. Ó yanu, ó rántí ìbọ̀sẹ̀, ó pa á dé. Ni Mutibu bá na ọwọ́ wàì! Hazaa gbá a lọ́wọ́. Ẹran fò sókè. Ọmọ Ìsàlẹ̀ kan hán an, wọ́n ká a mọ́, ó jù ú sí ọmọ Òkè, ọmọ Òkè jù ú padà.

"Wọ́n ń jù ú sí ara wọn!" ni Ọ̀gá Nawafu pariwo. "Ẹ wá wò ó! Wọ́n ń jù ú sí ara wọn!"

Sakiri fò, ó fi àyà lulẹ̀, ó di ẹran mú. Ohun àkọ́kọ́ tó máa dì mú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn.

"Ọlọ́wọ́ ẹ̀kọ!" ni Hazaa fi bú Mutibu.

"Ọ̀jẹun bí eṣú!" ni Mutibu dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n jọ kọlu ìrẹsì.

Ọ̀gá Nawafu gbé kọfí rẹ̀ tó ti tutù, ó dà á sọ́fun.

Àwọn àgbà náà dìde láti lọ jẹun. Bàbá Wasfi dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣeeki, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé."

Ṣeeki fọwọ́ lé àyà. "Kí n kọ́kọ́ wọlé lójú yín? Àgbẹdọ̀! Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́."

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mo fi orí àwọn ọmọ mi bẹ̀ yín."

Ìgbà tí wọ́n fi yọjú, ọpọ́n ti ń dán. Ọmọ mọ́kànlá ń wò wọ́n, ìrẹsì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Bàbá," ni Hazaa rọra béèrè, "ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Bàbá Wasfi ni!" ni Ṣeeki wí.

"Irọ́ o! Ṣeeki ni!"

Láàárọ̀ yìí, mo gba ẹ̀yìn ilé Ṣeeki kọjá. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó ti bàsíà omi kan, ìbọ̀sẹ̀ méjìlélógún wà nílẹ̀, wọn ò tíì fọ ẹyọ kan. Ọṣẹ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Wọ́n pa ẹnu mọ́ pinpin, kálukú sì ń na ọṣẹ náà sí ẹnì kejì.