Àlejò Tó Fẹ́ Rí Ọ̀yọ́ Gidi

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn, Gabriel, akọ̀wé kan láti Èkó, wọ̀ sí ilé Àlàmú, baálé kan ní Ọ̀yọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bá Kúbúrátù, ìyálé ilé náà, lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun tí kò tíì rẹ láró wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì di ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn.

GABRIEL: Ẹ kú ìjókòó, Ìyá.

KÚBÚRÁTÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá akọ̀wé. Ṣé ẹ ti dé ààfin?

GABRIEL: Mo dé ààfin, mo dé ọjà Akẹ̀sán. Kò sí ará Èkó tó wá síhìn-ín tí kò débẹ̀. Bí mo bá lọ ròyìn ààfin, ta ni yóò dá mi lóhùn? Ọ̀yọ́ tí ẹ kì í fi han àlejò ni mo fẹ́ rí.

KÚBÚRÁTÙ: (Ó dìde gìrì, ó ti àpótí sí i.) Ṣé a ti ṣẹ̀ yín ni? Ẹ jókòó. Marufat, ìyàwó mi àtàtà, bá wa mú adìẹ kan!

(Láti inú ilé, ìyàwó kékeré dáhùn bí ẹni tó pọ́n oyin lá: "Ó ti yá, ìyálé mi!")

GABRIEL: Rárá o! Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ ni kí ẹ fún mi.

KÚBÚRÁTÙ: Ẹ̀kọ àná? Kí àdúgbò wá gbọ́ pé mo fún ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ àná? Marufat, ó di méjì o!

GABRIEL: Ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe dùn! Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó bú ẹnì kejì. Ohun tí n ó ròyìn nìyẹn: ní Ọ̀yọ́, orogún kì í jà.

KÚBÚRÁTÙ: (Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.) Aró tí mo pò, ọjọ́ tó mu tó sì tó í rẹ aṣọ gan-an ni Marufat ki aṣọ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń rẹ ẹ́, kò fi àyè ìkòkò sílẹ̀ fún tèmi. Aró ń ṣá, aṣọ tí mo fẹ́ tà lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́ sì nìyí, funfun báláú.

GABRIEL: Kí ló dé tí ẹ kò bá a wí?

KÚBÚRÁTÙ: Lójú àlejò?

GABRIEL: Kí Baálé dá a lẹ́jọ́ nígbà náà.

KÚBÚRÁTÙ: Lójú àlejò? Ó ní ó di ìgbà tí ẹ bá lọ. Lọ́la òun náà ń lọ sóko ní Ìrẹsà. Kó tó dé, omi lásán ni yóò kù nínú ìkòkò.

GABRIEL: Ẹ̀n-ẹ́n! Mo fẹ́ lọ lánàá, òun ló bẹ̀ mí pé kí n dúró títí òun yóò fi kọjá sóko. Mo ṣe bí ó fẹ́ràn mi ni.

KÚBÚRÁTÙ: Ó fẹ́ràn yín. Ọkùnrin oníyàwó méjì, ta ni yóò fẹ́ràn ju àlejò lọ?

GABRIEL: Ìyá, ohun tí mo ń wá kiri gan-an nìyí! Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Ẹ ṣe bí ẹni pé n kò sí níbí.

(Ó fara ti ògiri, kò mí. Kúbúrátù so gèlè le, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.)

KÚBÚRÁTÙ: Marufat! Ìwọ Marufat! Ta ló ni aró tí o... (Ojú òun àti ti àlejò ṣe mẹ́rin.) ...tí o... Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi.

(Marufat dáhùn pé, "Ẹ ṣé, ìyálé mi!" Kúbúrátù jókòó wọ̀ọ̀.)

KÚBÚRÁTÙ: Ẹ wò ó? Ojú yín ni kò jẹ́.

GABRIEL: Ó dáa, n ó di ẹrù mi nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣé mo lè yà padà wá wò ó?

KÚBÚRÁTÙ: Ẹ padà wá nígbàkúgbà. Bí ẹ bá ṣe ń yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa yóò dákẹ́, a ó sì kí yín kú àbọ̀.