Bí Mo-ti-mọ̀ Ṣe Tún Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Ṣe

Ẹ má bi mí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́ ní ilé iṣẹ́ àga tó ti ń ṣe akọ̀wé. Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá a sọ tí kò ní já gbà mọ́ yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ní, "Ọ̀rẹ́, iná ti ń jó—" á ní, "Mo ti mọ̀!" Kí ẹ tó ráyè sọ pé ṣòkòtò rẹ̀ ni iná ń jó, ṣòkòtò ti di péńpé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lásìkò tí mò ń wí yìí: ipò olórí ọ́fíìsì. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àga aláwọ rẹ̀ tó ń yí bírí sì ṣófo. Bí ọ́fíìsì bá ti dá, Mo-ti-mọ̀ á lọ jókòó sí i, á yí lẹ́ẹ̀mẹta, á wúkọ́ bí olórí, á sì sáré dìde. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n lè jọ du ipò náà ni Àǹtí Atẹ̀wé, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti ń tẹ̀wé níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ó máa ń ka nǹkan tán kó tó fèsì.

Ọ̀gá wọn náà ní tirẹ̀. Ohun tí ẹ ò bá kọ sílẹ̀, ẹ ò sọ ọ́. Bí òrùlé bá ń jò sí ọ̀gá lórí, tí ẹ sáré wá sọ fún un, á ní, "Kọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́." Orí fóònù ló ti ń ka lẹ́tà tó bá wọlé, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ló ti ń kọ tirẹ̀, torí ìka rẹ̀ tóbi, bó bá tẹ lẹ́tà kan lórí fóònù, mẹ́ta ló ń jáde. Bó bá sì ń tẹ̀ ẹ́, ìka yẹn ló máa ń wò, kì í gbójú sókè. Kì í kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ó ní ta ni kò mọ ẹni tó ń pàṣẹ?

Kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Àǹtí Atẹ̀wé to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sí ojú ewé kan lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ó fi ti ìyàwó ọ̀gá kún un. Bí ọ̀gá bá tẹ orúkọ èèyàn, ibi tí wọ́n ti ń kọ ímeèlì ló yẹ kó ṣí wàá. Àmọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ímeèlì ọ̀gá wà, kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀. Ètò ímeèlì àtijọ́ kan tó bá a wá láti ilé ìtajà ló máa ń fò jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ̀gá ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Nígbà tó sú ọ̀gá, ó lẹ ìwé mọ́ pátákó ìkéde lọ́jọ́ Ajé: "Ta ló lè sọ fún kọ̀ǹpútà mi pé ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kó máa ṣí?"

Àǹtí Atẹ̀wé ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Mo ti mọ̀!" Mo-ti-mọ̀ ti bẹ́ wọlé. "Ẹ gbé e fún mi, sà. Àgbà kì í wà ní ọ́fíìsì kí orí kọ̀ǹpútà wọ́."

Ó jókòó, ó ká apá ẹ̀wù. Ó yọ ímeèlì ọ̀gá kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun máa fi tòun dán an wò ná. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà bi í lókè bóyá kí ibẹ̀ máa ṣí gbogbo ímeèlì tí wọ́n bá fẹ́ kọ. Ó tẹ "Gbà á láàyè." Ó wá tẹ orúkọ kan lójú ewé Àǹtí Atẹ̀wé. Wàá! Ó ṣí.

Inú ọ̀gá dùn débi pé ó fa bébà yọ, ó kọ "O ṣeun" sí i, ó sì nà án sí i. Mo-ti-mọ̀ ká a sínú àpamọ́wọ́ bí ìwé ilẹ̀.

"Mo-ti-mọ̀," Àǹtí Atẹ̀wé ké sí i, "ṣé o ti yọ orúkọ tìẹ kúrò níbẹ̀? Torí bí o ò bá—"

"Mo ti mọ̀!" Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Padà sílé."

"Ta ló ní kí n padà?"

"Ìwọ ni."

Ó na fóònù sí i. Lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́ ni: "Láti òní lọ, ẹni tó bá dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, kó padà sílé. Kò sí àwáwí." Orúkọ Mo-ti-mọ̀ ló wà lókè rẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú fọ́tò tó ti lo awò dúdú.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́!"

"Èmi ò mọ̀yẹn o. Àṣẹ rẹ ni mò ń tẹ̀ lé."

"Màá fẹjọ́ ẹ sùn!"

"Fẹjọ́ ẹni tó kọ ọ́ sùn. Wo fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀."

Báyìí ni Mo-ti-mọ̀ ṣe lé ara rẹ̀ padà sílé. Ó rò ó títí lọ́jọ́ náà, ó sì rí i: àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gbé orúkọ òun wọ̀! Kàkà kó dùn ún, ó tilẹ̀ fi í yangàn díẹ̀. Ṣé àkísà lolè máa ń jí ni?

Ọjọ́rú ni ìyàwó ọ̀gá já wọ ọ́fíìsì bí ìjì.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Mo-ti-mọ̀ níbí?"

Ó ka lẹ́tà inú fóònù rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Ìfẹ́ mi, ẹ̀yìn ń ro mí. Bí mo bá délé, wàá bá mi fi ìpara wọ́ ọ. Bá mi ká ṣòkòtò eléérú mi lórí okùn kí òjò tó dé."

Gbogbo ojú yí sí Mo-ti-mọ̀.

"Ṣòkòtò ta ló wà lórí okùn mi?" ni màmá bi í.

Mo-ti-mọ̀ ti nà gbalaja sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ olè ni! Ẹ̀yìn ò tilẹ̀ ro mí. Ẹ wò ó!" Ó dìde, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn tó yá gágá.

"Mi ò ní sọ fún ọkọ mi, torí òjòwú ni," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n má tún dán irú ẹ̀ wò."

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá tẹ̀ wọlé, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú, ṣòkòtò eléérú kan sì ń ro tótó lára rẹ̀. Ó ń kùn pé kò sẹ́ni tó ń dá òun lóhùn lẹ́tà mọ́, títí kan ìyàwó ilé. Mo-ti-mọ̀ wò ó láti ẹ̀yìn dé ṣòkòtò, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ti mọ ohun gbogbo tán, kí ló tún fẹ́ rò?

Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ. "Ẹ gbọ́! Lẹ́tà yòówù tó bá dé lórúkọ mi, ẹ sọ ọ́ nù. Kí ẹ má tilẹ̀ ṣí i!"

Àǹtí Atẹ̀wé nawọ́. "Mo-ti-mọ̀, kọ̀ǹpútà ọ̀gá—"

"Mo ti mọ̀!"

Lọ́sàn-án yẹn, fóònù rẹ̀ dún. Lẹ́tà ni, láti ọ̀dọ̀ Mo-ti-mọ̀ sí Mo-ti-mọ̀. Àkọlé rẹ̀: "Ipò olórí ọ́fíìsì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àwọn ọ̀bàyéjẹ́! Wọ́n mọ ohun tó wù mí!" Ó sọ ọ́ nù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òmíràn wọlé: "Mo tún ń rán ọ létí." Ó sọ ìyẹn náà nù, ó ń súfèé.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, Àǹtí Atẹ̀wé fi fáìlì bò ó lẹ́nu.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀. Ọ̀gá ló kọ lẹ́tà tó lé ẹ nílé. Ọ̀gá ló ni ṣòkòtò. Orúkọ tìẹ ló ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, gbogbo ohun tó bá kọ, orúkọ ẹ ló ń bá jáde. Lẹ́tà wo lò ń sọ nù láti àná?"

Mo-ti-mọ̀ ò sọ pé òun ti mọ̀. Ó sáré tú ààtàn ímeèlì rẹ̀, ó fa lẹ́tà àná yọ, ó sì kà á:

"Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe olórí ọ́fíìsì. Bí o bá gbà, fèsì lẹ́tà yìí kí aago méjìlá ọjọ́ Ẹtì tó lù. Má wá fẹnu sọ ọ́. Bí n kò bá rí èsì, Àǹtí Atẹ̀wé ni màá fi síbẹ̀."

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo-ti-mọ̀ tẹ "Fèsì", ó kọ ọ́ wìrìwìrì: "Ọ̀gá mi, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀!" Ó fi í ránṣẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó lọ jókòó sínú àga aláwọ, ó yí i lẹ́ẹ̀kan.

Fóònù rẹ̀ dún. Kíá, èsì ti dé! Ó ṣí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọ̀gá mi, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀!"

Aago lu méjìlá. Ó sáré já wọ yàrá ọ̀gá. "Sà, mo gbà! Mo gbà, sà!"

Ọ̀gá gbójú kúrò lórí fóònù tó ti ń wò fún èsì láti àná. "Ṣé o kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, sà!"

"Ta lo kọ ọ́ sí?"

Mo-ti-mọ̀ tún wo fóònù rẹ̀. "Sí ara mi, sà."

"Ó dáa. Kí ara rẹ fi ọ́ síbẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó fi ìka méjì tẹ̀wé. Kí Mo-ti-mọ̀ tó jáde síta, fóònù gbogbo ilé iṣẹ́ ti dún: "Inú mi dùn láti fi Àǹtí Atẹ̀wé jẹ olórí ọ́fíìsì wa." Fọ́tò awò dúdú wà lókè rẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló kọ́kọ́ sáré wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Mo-ti-mọ̀, mi ò mọ̀ pé o láàánú tó báyìí. Ipò tó wù ẹ́ tó yẹn, o wá fọwọ́ ara ẹ gbé e fún àǹtí!"